Àga Iwájú Ilé Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí mo ṣe di télọ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra o, mo ń bọ̀ níbẹ̀!

Ilé iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní àpọ́n. Èmi ni mo máa ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a débi iṣẹ́, a bá géètì ní títì. Wọ́n ní aṣọ òkè òkun ti gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Bí eré bí àwàdà, iṣẹ́ bọ́!

Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n á ní àwọn á kàn sí mi. Ṣé ẹ rí ẹni tó kàn sí mi? Nígbà tó yá, Bọ́lá ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége, èmi sì forí lé ilé ìyá mi ní Ìtapàjí. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá ti rí iṣẹ́, wọ́n á wá bá mi. Bí n kò bá rí i, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ mi á ti dàgbà nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n bá bá ọ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n á fi kí ọ. Àga onígi kan wà níwájú ilé ìyá mi, létí títì gan-an. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Ẹni tó bá ń lọ sóko láàárọ̀ á ní, "Ẹ kú ùjókòó o!" Á tún padà dé nírọ̀lẹ́, "Ẹ kú ùjókòó o!" Wọn ò bú mi o, ọ̀yàyà lásán ni. Àmọ́ ó ń dùn mí wọra! Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n fi kí mi?

Ti ìyá mi ló wá burú jù. Arúgbó ni, síbẹ̀ oko iṣu ló ti máa ń bọ̀, tòun tẹrù lórí. Èmi géńdé á dìde lórí àga, mà á ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá mi." Òun náà á rẹ́rìn-ín sí mi, á ní, "Kú ulé o, ọmọ mi." Kú ulé! Mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí omi lójú mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ṣe ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ìjọ kan ní Ìkọ̀lé fẹ́ kọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní iṣẹ́ télọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ ránṣẹ́, ẹni tó bá sì kọ́ ọ parí á gbé ọ̀kan lọ sílé. Télọ̀ kẹ̀? Mo ní kò kàn mí! Ìyá mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn bi mí pé ta ló ń hun aṣọ fún àwọn télọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé.

Ìyá Ìbùkún lorúkọ obìnrin tó ń kọ́ wa. Ó béèrè orúkọ mi, bí mo ṣe dá a lóhùn báyìí, gbogbo kíláàsì ta gìrì! Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ débi pé igbe la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, ó sì ti mọ́ mi lára. Ìyá Ìbùkún rọra bi mí bóyá ìjà ni mo bá wá. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Aláriwo.

Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tí mo rán ńkọ́? Mo rán ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pa! Ìyá Ìbùkún gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó ní mo ti rán àpò gàrí. A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó ní kí n jókòó, ó bá mi tú òwú rẹ̀, mo sì tún un rán lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun náà rí, òun mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé. Obìnrin yẹn ṣe mí lóore. Kí Ọlọ́run má ṣàìsan án fún un.

Nígbà tí mo parí, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tèmi. N kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibo ni kí n gbé e sí? Mo gbé e síwájú àga onígi yẹn, mo sì jókòó síbi tí mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dorí kodò, mò ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ìyá mi dé. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lókè orí mi. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kú uṣẹ́."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Èmi Bàbá Aláriwo bá dìde. Mo kàn gba ẹrù lórí rẹ̀, àwa méjèèjì sì ń sunkún.

Kò tíì sí GSM lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, lẹ́tà ni mo kọ sí Bọ́lá. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wọlé ìwé ní Ìtapàjí, èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù wọn.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má torí pé iṣẹ́ kan ò jọ èyí tí ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́. Ta ló ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jẹ́ ká jọ dúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìwọ tó ṣì ń wá iṣẹ́ kiri, ìwọ gan-an ni mo ń kí.