Kí Alága Kí O Tó Bá A Sọ̀rọ̀

Ní ilé wa ní Ìlobùú, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi èmi tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ nítorí pé ó máa ń wo ìròyìn. Àbúrò bàbá mi gbọ́ ọ nítorí pé ó ti gbé Èkó rí, fún oṣù mélòó kan. Ìyá mi, tó ń ta ike ní Òṣogbo, ní òun gbọ́ èyí tó tó ike tà, òótọ́ sì ni, torí ike kì í fèsì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn ni bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ọ̀kan lára àwọn tó padà wálé nígbà tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa ní Gánà. Ibi tí bàbá kàwé dé lọ́hùn-ún máa ń ga sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní ìwé mẹ́fà ni òun kà. Nígbà tí mo fi máa dé kíláàsì tí a ti ń jáde ní girama, ó kù díẹ̀ kó di lọ́yà.

Èmi ní tèmi, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo aláìsàn tí mo rí rí ní Ìlobùú, Yorùbá ni wọ́n fi ń kérora. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí Gẹ̀ẹ́sì bá bọ́, sọ́ọ̀bù ike ni mò ń lọ, kò sí pé à ń tún un ṣe. Mi ò bá ike jà. Ṣùgbọ́n mo ti bá ìyá mi jókòó tì í lásìkò ìsinmi, mo sì mọ bí ọjọ́ ṣe máa ń gùn tó níbẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa, ọmọ Ìfọ́n ni. Ó máa ń gun ọ̀kadà wá láràárọ̀, ó sì máa ń dúró kọ́ wa ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò mọ agbègbè wa lè rò pé ọ̀nà náà jìn. Rárá o. Ìlobùú àti Ìfọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ìró odó ara wọn. À ń fẹ́ ara wa, à ń bá ara wa sin òkú, à ń jẹ oúnjẹ kan náà, a sì ń bá ara wa fa ilẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún gbóná. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Kò sí ọlọ́kadà tó gbà láti kọjá. Tíṣà jókòó sí Ìfọ́n, ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà sì jókòó sí ojú ewé àkọ́kọ́. Inú bí mi. Ilẹ̀ tí n kò ní fi gbin ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan ló fẹ́ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi gbọ́ ẹkún mi, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé bàbá ò sí nílé ni?"

Orí mi kò tíì wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n kàn fà mí lé bàbá àgbà lọ́wọ́ ni.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí n ka ìbéèrè. Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀: kí a kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí a sọ fún un pé ọ̀nà àdúgbò wa ti bàjẹ́.

"Ó dáa. Báwo lo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?"

"Màá kọ àdírẹ́ẹ̀sì, màá wá sọ pé ọ̀nà wa ti bàjẹ́, sà."

Bàbá wò mí bí ẹni tí mo fi ọwọ́ òsì gbé omi fún.

"Alága? O ò kí i? O kàn já wọlé, o ní ọ̀nà bàjẹ́? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?"

"Bàbá, Tíṣà ní irú lẹ́tà báyìí, a kì í..."

"Níbo ni Tíṣà yín ti wá?"

"Ìfọ́n, sà."

"Ẹn-ẹ́n."

Ó ní òun ò ní ìbéèrè mìíràn.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí alága. A kọ́kọ́ kí i fún iṣẹ́ ìlú. A kí àwọn ìyàwó rẹ̀, a kò sì dá iye wọn, torí bàbá ní wọn kì í ka ìyàwó oníyàwó. A béèrè àwọn ọmọ. A bá a yọ̀ fún ọdún tó kọjá, a ṣàdúrà fún èyí tó ń bọ̀, a wá bá a kẹ́dùn nítorí oòrùn, torí n kò mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń pe "ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀". Bàbá náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ nù lọ́kàn òun ni. Ọ̀nà tó bàjẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìlà kan. Bàbá fẹ́ràn lẹ́tà náà débi pé ó ní kí n kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Kò sí èyí tó gbọ́ ọ nínú wọn. Gbogbo wọn ló ní ó dùn.

Mo mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá tó bí bàbá ẹni pé kò mọ ohun tó ń ṣe? Nílé wa, ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò kò ní nílò ìdánwò mìíràn mọ́.

Nígbà tó yá, ìlú rọlẹ̀, ọ̀nà ṣí, Tíṣà padà. Wọ́n ṣe ìdánwò mọ́ọ̀kì fún wa, lẹ́tà sí alága ló sì jáde. Mo kí alága. Mo kí i dáadáa. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní kí a gbé bíírò sílẹ̀. Tíṣà fi bíírò pupa béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà dà, ó sì fún mi ní òdo rogodo.

"Ta ló kọ́ ẹ ní eléyìí?" ló bi mí.

"Bàbá àgbà mi ni, sà."

"Ẹ̀yin ará Ìlobùú! Ẹ ó kí èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Mo jíṣẹ́ rẹ̀ nílé. Bàbá ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Ìfọ́n! Ṣé wọ́n máa ń kí èèyàn ni?"

Wọ́n ti fa gbogbo oko tán, ó wá ku lẹ́tà mi.

Ìdánwò gan-an ti sún mọ́lé nígbà tí Tíṣà wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò jí bí, Bàbá? Ṣé àlàáfíà ni? Ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òjò àná. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á dá wa sí."

Bàbá ń ṣe àmín, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé omi tútù dání, mò ń wo ọkùnrin tó fún mi ní òdo nítorí ìkíni. Ó kí bàbá títí omi náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ká sọ tòótọ́, tiẹ̀ gùn ju lẹ́tà mi lọ.

Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ọmọ yìí lọ́pọlọ. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ, á féèlì."

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná kí ẹ tó bú mi."

"Mo mọ̀ yín ni, sà. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi yìí."

"Alága náà ńkọ́?"

"Kò sí alága kankan níbẹ̀, Bàbá. Ẹnì kan níbì kan ló máa máàkì rẹ̀."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"A ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"A ò mọ̀, sà."

"Òun náà ò mọ ọmọ mi?"

"Nọ́ńbà nìkan ló máa rí, sà."

Bàbá yíjú sí mi, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á nítorí mi. N kò rí irú rẹ̀ lójú bàbá rí, ó sì dùn mí.

"Ẹni tí a ò mọ̀, tí kò mọ̀ wá, ló máa sọ bóyá ọmọ yìí á ṣe nọ́ọ̀sì àbí á ta ike?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má kí i," ni bàbá wí fún mi. "Má kí i rárá. Kì í ṣe ẹni à ń kí."

Mi ò kí i. Lọ́jọ́ ìdánwò, kọmíṣánnà ni wọ́n ní kí a kọ̀wé sí nípa ilé-ìwé tó ń jò. Mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì, mo sì sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òrùlé wa ń jò àti pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún un ṣe. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wọ yàrá àgbàlagbà láìkan ilẹ̀kùn. Ojú tì mí, mo sì ń kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí èsì jáde, Gẹ̀ẹ́sì mi dára. Ìyá mi kígbe, bàbá mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àdúgbò ti gbọ́ pé bàbá àgbà ló kọ́ mi. Mo gbọ́ pé ní Ìfọ́n, Tíṣà ló kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó rántí pé èmi náà wà níbẹ̀.

Bàbá ní dandan ni kí òun fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ṣùgbọ́n ìlú tún ti gbóná lọ́sẹ̀ náà, ọ̀nà tún ti dí. Ó ní kí n bá òun pè é lórí fóònù, kí òun lè sọ pé ó ṣeun. Mo pè é, mo sì gbé fóònù sí bàbá létí.

"Tíṣà! Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ó wà nílé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn pé? Ṣé ẹ rí oúnjẹ jẹ?"

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bàbá ń dúró, ó ń tẹ fóònù mọ́ etí títí ìdáhùn yóò fi dé, kó tó bọ́ sórí òmíràn. Bí ó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí káàdì fi tán. Mo rán an létí pé kò tíì dúpẹ́.

Ó na fóònù náà sí mi. "Sáré lọ ra káàdì wá," ó ní. "Mi ò tíì béèrè ìyá rẹ̀."