Àbàwọ́n Tí Bàbá Fọ́tò Pa Rẹ́ Lára Ọsàn

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n sọ ohun tójú mi rí nídìí fọ́tò ọsàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọsàn tí ẹ̀ ń mu yìí ni mò ń wí!

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo wà ní kíláàsì àṣejáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, ilé wa sì wà ní Bẹ́yẹrúnkà. Ọsàn ni màmá mi ń tà ní Ọjà'ba. Ohun tó máa ń dùn wọ́n jù ni ọsàn tó ń dán lóde, tó sì ti jẹrà nínú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ àfi kí wọ́n gé e, ta ló sì máa ra ọsàn gígé?

Ìyẹn ni mo mú ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì mi. Ṣé ẹ mọ bí àwọn olósìn adìyẹ ṣe ń gbé ẹyin síwájú iná kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Mo ní kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọsàn? Mo dá ihò sára páálí, mo ki gílóòbù tó lágbára bọ inú rẹ̀, mo gbé ọsàn sójú ihò náà nínú òkùnkùn, mo sì yà á ní fọ́tò. Ibi tó dáa á tàn, ibi tó ti ń jẹrà á ṣú. Ìgbà tí mo yà wọ́n tán ni mo wá gé wọn, kí n lè fi inú wọn wé fọ́tò.

Mo kó fíìmù lọ fún Bàbá Fọ́tò ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Ta ni kò mọ̀ wọ́n ládùúgbò wa? Bí irorẹ́ kún ojú yín, fọ́tò yín á jáde bí ojú ọmọ tuntun.

Ìgbà tí mo gba fọ́tò, ọkàn mi bàjẹ́. Ọsàn tí mo gé tí ìdin ń yí nínú rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ìmọ́lẹ̀ mi ò rí nǹkan kan, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí? Àwọn ẹgbẹ́ mi á jáde, èmi á ṣẹ́kù. Ojú mi sì ni mo fi rí dúdú yẹn nígbà tí mò ń yà wọ́n! Mo wá ń rò ó pé àbí ohun tó wù mí ni mo kàn ń rí.

Màmá mi ló ní, “Ẹni tó fọ fọ́tò ńkọ́? Ṣé o ti bi í?”

Mo lọ, mo kúnlẹ̀ kí bàbá, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò rí dúdú kankan lára àwọn ọsàn mi. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ó pọ̀ lára wọn, ọmọ mi. Mo ti bá ẹ fi pẹ́ńsù pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lára nẹ́gátíìfù. Ṣé mo lè jẹ́ kí fọ́tò alábàwọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi ni?”

Lára nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, ohun tó dúdú máa ń hàn bíi funfun, ibẹ̀ ni bàbá fi pẹ́ńsù kùn. N ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé àbàwọ́n yẹn gan-an ni mò ń wá. Ẹnu ya bàbá. Wọ́n rọ oògùn díẹ̀ sórí òwú, wọ́n rọra nu pẹ́ńsù náà kúrò, wọ́n sì tún fọ́tò náà fọ̀. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo dúdú náà bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, níbi tí ọ̀bẹ mi ti bá ìjẹrà gan-an. Omijé bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ náà, mo sì bá ẹgbẹ́ mi jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá sọ lọ́jọ́ náà ni n kò lè gbàgbé. Wọ́n ń wo fọ́tò ìyàwó wọn, tó ti kú látìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré, lára ògiri. Wọ́n ní ó ní àmì dúdú kan, tàdáwà, lẹ́rẹ̀kẹ́, àwọn ni àwọn fi pẹ́ńsù pa á rẹ́ kí fọ́tò náà lè dáa.

“Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé ó ní in. Èmi alára, n ò rántí mọ́ bóyá ọ̀tún ni àbí òsì.”

Wọ́n dìde, wọ́n wá nẹ́gátíìfù náà jáde, wọ́n tún mú òwú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló yẹ ká pa rẹ́. Nígbà míì, ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹnìkan ti bá yín tún ṣe rí, tó jẹ́ pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ? Ẹ sọ tiyín, mo fẹ́ gbọ́.

Ní ti tàdáwà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni.