Ẹ̀rọ Rísìkátù Tí A Ti Yọ Wáyà Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní onírọ́. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, ní Ìkọ̀lé níbí.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì ni mo wà nígbà náà. Ọ̀gá wa pe ẹnìkan láti Adó, ó so gbogbo kọ̀ǹpútà wa mọ́ ti inú yàrá ọ̀gá. Ohun tó o bá tẹ̀, kódà kó o pa á rẹ́, ó ti rí i. Ẹni méjì ló ti lé nítorí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, a ò lè mí dáadáa.

Rísìkátù, ará Ìtapàjí, ló jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kan ó di àyà mú, òógùn bò ó. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè lọ bá ọ̀gá, ló bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í tilẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá olóhùn Ìtapàjí ni: "Ọ̀gá, àyà ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ ulé." Ó pa á rẹ́. Ó tún un tẹ̀.

Ọ̀gá jáde.

"Rísìkátù, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ o." Ó padà wọlé.

Nírọ̀lẹ́ la gbé e lọ ọsibítù. Òkú la gbé débẹ̀.

Ọ̀gá ní ká yọ wáyà ẹ̀rọ rẹ̀, ká da aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn kan lọ kírun, àwọn yòókù lọ jẹun. Ó ku èmi àti ọ̀gá. Ó pè mí jẹ́jẹ́ láti inú yàrá rẹ̀.

"Ìyá Kẹ́hìndé, ta ló wà nídìí ẹ̀rọ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Wá wò ó."

Mo wọlé. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀: "Ọ̀gá, àyà ń dùn mí." Ó parẹ́. Ó tún jáde. Mo yọjú síta. Aṣọ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, wáyà rẹ̀ ká sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ aṣọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ọ̀gá fa kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Máa lọ. Jọ̀ọ́, máa lọ." Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún.

Kẹ́, kẹ́ náà dúró. Mo ní ó ti tán.

Àfi bí orúkọ mi ṣe jáde: "Ìyá Kẹ́hìndé, ìwọ náà rí mi."

Òótọ́ ni. Mo rí i lọ́jọ́ tí àyà ń dùn ún. Mo yíjú padà sí iṣẹ́ mi kí wọ́n má baà lé èmi náà.

Mo sá jáde láìmú báàgì, n ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nídìí sàréè rẹ̀ nígbà mẹ́ta. N ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ẹ̀yin tí ọ̀gá ń ṣọ́ níbi iṣẹ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má gbójú kúrò lára ẹni tó jókòó tì yín. Àwọn tó ń wò yín ju ọ̀gá lọ.