Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Tan Ẹ̀rọ Ọkọ Mi Jẹ

Èkìtì ni èmi àti olóògbé ọkọ mi, Clement Ilésanmí, ti wá. Nígbà tí a kó dé Àjàǹgbádì, ó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Ìyànà-Ìba, èmi sì ń rán yunifọ́ọ̀mù níwájú ilé. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Òun ló fi mí sí kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ tí mo bá ń fi ìka tọ Bíbélì. Kò fi mí rẹ́rìn-ín rí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun.

Ní nǹkan bí ọdún 1993, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa mọ ọkàn tó ń lù dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn. Á há wáyà kan mọ́ ènìyàn lórí ìka, ìlù ọkàn á sì máa tò tẹ̀lé ara wọn lójú kọ̀ǹpútà bí òkè àti àfonífojì. Mo bi í pé báwo ni irin ṣe máa mọ aláìsàn.

Ó ní, “Ṣé o rí ìka rẹ lórí Bíbélì yẹn? Lẹ́tà díẹ̀ ló ń wò lẹ́ẹ̀kan, á sì sún síwájú. Ṣùgbọ́n inú rẹ kò gbàgbé ohun tí ìka ti kọjá. Bí inú bá gbàgbé, o ò ní mọ ohun tí o kà.”

Apá méjì ni òun náà ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Apá kan ń ṣe bí ìka, ó ń wo ìrísí ìlù ọkàn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún lọ. Ìkejì ń gba ohun tí ìka rí, ó ń fi í sọ́kàn títí dé òpin. Ó ní àwọn kan ń lo ọ̀kan nínú méjèèjì, òun so wọ́n pọ̀ ni. Àpẹẹrẹ ló sì fi ń kọ́ ọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọ.

Ọkàn tó dá, lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti gbà á, nínú pálọ̀ wa. Ti aláìsàn, ó lọ gbà á lórí bẹ́ẹ̀dì wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Òkókómáìkò. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà kò ṣì í mọ́ rárá. Ilé ìwòsàn yẹn ti gbà pé àwọn á máa lò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhaji Gbàdàmọ́sí, onílé wa tó ń ta rédíò ní Àlàbá, ní kí Clement wo tòun náà. Ó jókòó, ó na ìka. Ẹ̀rọ ní ọkàn rẹ̀ kò dá.

Ojú Alhaji wálẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ òun ní Abẹ́òkúta. Clement tún un wò, bákan náà ni. Ó wá tẹjú mọ́ ìlà yẹn: ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré níbẹ̀rẹ̀, kó tó rọlẹ̀; ti Alhaji rọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀ ni Rónkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa, wọlé wá gba aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ mi, ó tún kúnlẹ̀ kí èmi. Mo rí i tí Clement ń wo orúnkún ọmọ náà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ pálọ̀ yẹn tí kò dọ̀bálẹ̀ gbalaja tàbí kúnlẹ̀ kó tó jókòó. Aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Báwo ló ṣe fẹ́ dán an wò? Ta ló máa ní kí Alhaji dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé? Clement há wáyà mọ́ ìka ara rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ẹ̀rọ ní aláìsàn ni. Ó dìde, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó, ó há wáyà. Ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ le.

Alhaji ní, “Dókítà, ṣé kí n máa gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ títí iná á fi lọ ni?”

“Ẹ má bínú sà. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ọkàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn tán ló mọ̀.”

Ọjọ́ kejì ló lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ nílé ìwòsàn pé kí wọ́n má lò ó. Ó wá di dandan kó tún gbogbo rẹ̀ gbà. Ó bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wá ń dọ̀bálẹ̀ sí kí wọ́n tó wọlé. Alhaji ló yọ wá. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun Mùsùlùmí, kí a lè bá àwọn ọ̀dọ́ lórí ìjókòó lẹ́yìn ìwàásù, tí ọkàn wọn ti rọlẹ̀. Ìwàásù wa sì gùn dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó tún na ìka wọn láìráhùn.

Ẹ̀rọ tuntun náà ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Clement sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Ọjọ́ tó ní ọkàn Alhaji dá ṣáká, Alhaji ní kí wọ́n má tíì pa ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ pe ìyàwó òun wá, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i.