Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Tó De Bẹ́líìtì

Wọ́n ní Làtíìfù lu ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi gbá a níhà, tí eegun méjì fi dá bí igi ìdáná, wọ́n sì ní ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà kò ju pé iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tó sè. Láàárín ìsọ̀ ẹran àti ibi tí wọ́n ti ń dirun ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà, ó ti hu irùngbọ̀n. Ẹnì kan tí kò rí Làtíìfù rí láyé rẹ̀ búra pé òun gbọ́ igbe ìyàwó náà láti Camberwell.

Irọ́ ni. Ẹ jókòó, kí n tò ó fún yín bó ṣe rí gan-an. Mìsítúrà, ìyàwó Làtíìfù fúnra rẹ̀, ló sọ ọ́ fún mi, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fo ibi tí òun ti hùwà òmùgọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ní ó fẹsẹ̀ gbá èèyàn. Ó ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n bí eku bá yọjú nílé ìdáná wọn, orí àga ni Làtíìfù ń sá gùn, ìyàwó rẹ̀ ni í gbé ìgbálẹ̀. Ní mọ́sálásí wọn ní Peckham, òun ni wọ́n ń ké sí bí tọkọtaya bá ń jà. Yóò gbọ́ ẹjọ́ ọkọ, yóò gbọ́ ti ìyàwó, yóò ṣe "hùn-ún" lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà yóò sọ fún ọkọ pé kó lọ tọrọ àforíjì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lórí àga onílàjà yẹn, kò sì tíì sí ọkọ kan tó jàre níwájú rẹ̀.

Mìsítúrà ní tirẹ̀ kúrú, ó sì lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn arúgbó láti Brockley lọ síbi tí wọ́n ti ń lo ọ̀sán. Jonathan, ọmọ Gánà kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ló ń wa bọ́ọ̀sì. Mìsítúrà ló ń de bẹ́líìtì mọ́ gbogbo wọn lára. Bí kò bá tíì sọ pé ó yá, Jonathan kò gbọdọ̀ ṣíná. "Ìbàdí, àyà, èjìká!" ni orin rẹ̀, yóò sì máa fọwọ́ kan ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ti ìsàlẹ̀ jókòó sórí eegun ìbàdí, kí ti òkè gba àárín àyà, kó gun èjìká, kó má sì dẹ̀. Àwọn ìyá òyìnbó náà ti mọ orin yìí, wọ́n ń fi ẹnu òyìnbó kọ ọ́. Nígbà tí ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kan ṣàròyé pé bẹ́líìtì ń dí òun lọ́mú, Mìsítúrà dá a lóhùn pé, "Màmá, ọmú ti fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ tirẹ̀." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n fún Mìsítúrà ní ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ yìí. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà.

Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, ó di ẹlòmíràn. Torí pé ó kúrú, ọrùn rẹ̀ ni bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Á fa híjáàbù rẹ̀ wọ́, pín-ìnnì á gún un lágbọ̀n. Nítorí náà, yóò ti bẹ́líìtì bọ abẹ́ abíyá, yóò há a, yóò jókòó bí ìyàwó tuntun.

"Ìyá Nusaybah, gbé e sórí èjìká," Làtíìfù á wí. Nusaybah ni ọmọ wọn obìnrin tó ti lọ sí yunifásítì.

"Bàbá Nusaybah, ẹ wakọ̀ yín. Ta ni olùkọ́ bẹ́líìtì nínú àwa méjèèjì?"

Làtíìfù á ṣe hùn-ún, á sì wakọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Àmírà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mìsítúrà, ní Surrey Quays. Mìsítúrà ti se ẹ̀fọ́ rírò ìkòkò ńlá kan, èèyàn méjì ló gbé e. Wọ́n gbé ìkòkò sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mìsítúrà fi tówẹ́ẹ̀lì yí i nídìí, ó fa bẹ́líìtì kan gba ikùn rẹ̀, ó fa èkejì gba orí ọmọrí, ó wá fọwọ́ tì í wò. Kò mì.

"Ó kù kí o kọrin fún un," Làtíìfù wí. "Ìbàdí, àyà, èjìká."

"Ẹ̀fọ́ mi ò gbọdọ̀ da o. Ìdajì màlúù ló wà nínú ẹ̀."

Òun náà wá jókòó níwájú, ó ti bẹ́líìtì tirẹ̀ bọ abẹ́ abíyá.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan fi já sójú títì. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ò nítìjú, wọn kì í dúró de alẹ́ mọ́. Ń ṣe ni èyí ń rìn lọ gbẹ̀fẹ́ bí onílé. Ẹni tó ń sá fún eku wá rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Làtíìfù pariwo, ó tẹ bíréèkì, ó yíwọ́, ó sì fi imú ọkọ̀ kọ lu àgbá irin ńlá tí àwọn kọ́lékọ́lé ń da pàǹtí sí lẹ́bàá títì.

Ọkọ̀ kò sáré rárá. Bẹ́líìtì Làtíìfù gbá a mú léjìká, ó dá a padà sórí ìjókòó, kò ju kí ibẹ̀ pọ́n díẹ̀ lọ. Ti Mìsítúrà kò rí èjìká dì mú, ìhà ló rí. Ó gbọ́ kà! lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ bá mi wo ẹ̀fọ́!"

Làtíìfù bojú wẹ̀yìn. Ewé kan kò ta sílẹ̀. "Ẹ̀fọ́ wà lálàáfíà," ó wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò lè mí."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jókòó sórí ògiri kúkúrú kan lódìkejì, ó ń wò wọ́n.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò ìhà rẹ̀: eegun méjì ti sán. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí Mìsítúrà lè bí, wo ojú ibi tó lé, ó bi í pé báwo ló ṣe de bẹ́líìtì.

"Dáadáa ni," Mìsítúrà wí.

Dókítà ò jiyàn. Ó ṣáà sọ pé eegun èjìká, ti àárín àyà àti ti ìbàdí ló lágbára láti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Ti ìhà kò lágbára, àwọn nǹkan inú tó gbẹgẹ́ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ká ní eré ọkọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mìsítúrà mọ gbogbo rẹ̀. Òun gan-an ló ń fi kọ́ àwọn ẹni tuntun níbi iṣẹ́.

Bí dókítà ṣe jáde báyìí, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Nusaybah, bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ pa mí. Èmi! Èmi tí mo ń de gbogbo Brockley mọ́lẹ̀! Jonathan á gbọ́, àwọn arúgbó á fi mí kọrin."

"Kí wá ni ká wí?"

"Ẹ ní mo yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Ẹ gba takisí, ẹ gbé ẹ̀fọ́ lọ kó tó tutù."

Làtíìfù wò ó. "Ìyá Nusaybah, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya. Kò sí obìnrin tí ọkọ lù tí kì í ṣubú nílé ìwẹ̀."

"Tiwa yàtọ̀. Ẹ búra."

Ó búra.

Làtíìfù kò mọ irọ́ pa. Ó gbé ìkòkò dé Surrey Quays, ó ń làágùn, ojú rẹ̀ ń sá kiri. Hameedah, ọ̀rẹ́ Mìsítúrà tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, bi í pé, "Àǹtí wa ńkọ́?"

"Wọ́n... ó ṣubú. Nílé ìwẹ̀. Eegun ìhà méjì ló sán."

Hameedah wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó bu ẹ̀fọ́, ó tọ́ ọ wò. "Ilé ìwẹ̀," ó wí wẹ́rẹ́. "Hẹn. Iyọ̀ ẹ̀fọ́ yìí tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mìsítúrà fi jókòó sílé, kò rẹ́rìn-ín, kò sín, torí méjèèjì ló ń gún un. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń rí i pé Làtíìfù ń ti mọ́sálásí dé láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, Hameedah wá kí i pẹ̀lú ìbẹ́pẹ méjì, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti bá yín wá yàrá tí ẹ máa kó sí ní Camberwell."

"Yàrá kí ni?"

"Ààfáà Roqeeb ní mọ́sálásí náà ti gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n máa gba àga onílàjà lọ́wọ́ Alhaji, ọkọ yín. Ẹni tó ń lu ìyàwó ò lè máa parí ìjà tọkọtaya."

"Ta ló ń lu ìyàwó?"

Hameedah fọwọ́ pa á léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe tán."

"Hameedah, ọkọ mi ò lù mí!"

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn, Àǹtí mi."

Nígbà tí Làtíìfù dé, Mìsítúrà bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀.

"O ní kí n búra."

"Kí ni wọ́n ń ṣe sí yín níbẹ̀?"

Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Àwọn obìnrin kì í dáhùn sálámà mi mọ́. Ìyẹn ò burú tó èyí: àwọn ọkọ tí mo ti dá lẹ́bi ló wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀kan ní, 'Alàgbà, ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́.'" Ó wo ilẹ̀. "Ẹgbẹ́ wo, Ìyá Nusaybah?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mìsítúrà lára ju bẹ́líìtì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń bẹ̀rù jù ló kọ́kọ́ pè. Jonathan wá, Mìsítúrà sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jonathan rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tó dákẹ́, ó jáde lọ síbi ọkọ̀ Làtíìfù tí wọ́n ti tún ṣe, ó ní kí Mìsítúrà jókòó síwájú. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lára òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí bẹ́líìtì ti ń jáde, ó fà á wálẹ̀. Bẹ́líìtì kúrò lọ́rùn, ó sùn sórí èjìká. Ọdún méje ni ọkọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kankan kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn rí.

"Ibi iṣẹ́ wá ńkọ́?" Mìsítúrà bi í.

"Aunty Mísí, ẹ yáa sọ fún wọn kí n tó bá yín sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn obìnrin kún yàrá òkè níbi àsàlátù. Mìsítúrà dìde, ó di ìhà mú.

"Ẹ̀yin ìyá, Làtíìfù ò lù mí. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ló lù mí, èmi ni mo sì tì í bọ abẹ́ abíyá. Èmi ni mo ní kí wọ́n purọ́, torí ìtìjú ìwé ẹ̀rí tí mo gbé kọ́ sí pálọ̀."

Hameedah mi orí. "Wọ́n ti kọ́ Àǹtí lóhun tí wọ́n máa sọ."

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," Mìsítúrà wí. Ó gbé bùbá rẹ̀ sókè. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó lọ gbọọrọ láti abẹ́ abíyá wá sí ikùn, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹsẹ̀ ọkọ mi ló rí báyìí? Ẹsẹ̀ wo ló gùn tó títì Old Kent Road?"

Ìyá àgbà kan dìde lórí àga, ó fi ìka mẹ́ta wọn fífẹ̀ rẹ̀. "Bẹ́líìtì ni," ó dájọ́. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mìsítúrà! Ìwọ ọ̀gá bẹ́líìtì!"

"Èmi náà ni, Màmá. Ẹ rín in tán." Ó dúró kí wọ́n rín in tán lóòótọ́. "Ó yá, ó kàn yín. Hameedah, báwo lo ṣe ń de tìẹ?"

"Èmi? Ẹ̀yìn ni mo ń gbé e gbà. Ó ń rún léèsì mi."

Òmíràn ní òun a dè é sílẹ̀, òun a wá jókòó lé e lórí, kí ọkọ̀ má baà máa ké pín, pín. Òmíràn ń dè é lórí kóòtù òtútù tó nípọn bí tìmùtìmù. Ìyá àgbà tó wọn àpá jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ni òun ń fi í dání, bí okùn ewúrẹ́.

Mìsítúrà kó gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ Hameedah. Ó ti Hameedah jókòó, ó wá bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fa bẹ́líìtì kó má dẹ̀. "Ìbàdí!" ó ké. "Àyà! Èjìká!" Ogún obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú pópó, tí ọkùnrin òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn fi dúró wò wọ́n.

Ààfáà Roqeeb yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló dé.

"Ẹ dá àga Làtíìfù padà fún un," ìyá àgbà wí. "Bẹ́líìtì ló jẹ̀bi."

Wọ́n dá a padà. Àwọn ọkọ nìkan ni inú wọn ò dùn. Làtíìfù tó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣe hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Inú ọkọ̀ Làtíìfù ni Mìsítúrà ti parí ìtàn yìí fún mi. Ó ti de tirẹ̀ sórí èjìká, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá mo de tèmi, ó wá na ìka sí mi.

"Wọ́n ti gbà pé ọkọ mi ò lù mí, ó dáa. Ṣùgbọ́n Hameedah ṣì ń sọ ọ́ kiri Rye Lane pé iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ mi. Kọ ọ́ síbẹ̀ kó hàn ketekete: iyọ̀ ò pọ̀."