Òdòdó Àjẹkù Òwú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìdánwò àtiwọ yunifásítì fìdí mi janlẹ̀, ni wọ́n bá fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń hun fìlà àti súwẹ́tà ọmọdé ní àdúgbò Ìrẹmọ. Bí súwẹ́tà bá ti parí, ọ̀gá mi á ní kí n da òwú tó ṣẹ́kù sórí ààtàn. N kì í dà á nù. Mo ń fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu kíká hun ún ní òdòdó kéékèèké tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun lọ.

Oníbàárà wa kan wà, ìyàwó olùkọ́ yunifásítì, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló lò ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ ó ti gbàgbé orúkọ iṣu. Bí òjò bá rọ̀, á ní òjò tọ̀hún kì í ba bàtà jẹ́.

Lọ́jọ́ tó wá gba súwẹ́tà ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó rí òdòdó mi lórí tábìlì.

"Ṣé èyí náà niṣẹ́?" Ó yínmú. "Ọmọ tó kàwé á jókòó, á máa hun pàǹtí."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín láti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Màdáàmù wá ní kí n di díẹ̀ fún òun, káwọn ọmọ lè fi ṣeré. Gbogbo rẹ̀ ló kó lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, nítòsí Ẹnuwà. Èmi ni mo ru ẹrù ọ̀gá mi dé ibẹ̀. Ẹ̀bá aṣọ tábìlì funfun kan tí Màdáàmù pàtẹ ni mo ti rí àwọn òdòdó mi, wọ́n rán wọn mọ́ ọn yíká. Ọ̀kan pupa wà láyà Màdáàmù fúnra rẹ̀.

"Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ ọ," ló ń sọ fún àwọn èèyàn. "Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí i."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!" ni wọ́n ń kí i.

Ìyá ẹgbẹ́ na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. "Ẹ bá wa hun ẹyọ kan, káwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí lè rí i."

Màdáàmù gbá abẹ́rẹ́ mú bí ẹni fẹ́ yọ ìgbín nínú ìkarahun. Òwú lọ́ mọ́ ọn níka. Ó ní abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe irú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló ń pa ọmọ yìí lẹ́rìn-ín?" Màdáàmù béèrè.

Ọ̀gá mi já mi léèékánná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ yí ti àyà yín padà. Òwú pupa tán mọ́ mi lọ́wọ́, dúdú ni mo fi so ó lẹ́yìn."

Ìyá ẹgbẹ́ yí i padà. Kókó dúdú ló rí. Ẹnì kan yára wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Màdáàmù pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi fà mí lọ sílé Màdáàmù láti tọrọ àforíjì, kí oníbàárà má baà lọ. Mo kúnlẹ̀. Màdáàmù ní ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ òun ni ìdáríjì. Bí ọ̀gá mi ṣe yà sí ẹ̀yìnkùlé, Màdáàmù tẹ̀ sí mi létí.

"Báwo lo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ná?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, ní kọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ohun tó hun níkẹyìn jọ etí ewúrẹ́ tí ajá jẹ. Ó gbé e sókè, ó bi mí bó ṣe rí.

"Ó dára gan-an, mà," ni mo wí. "Ẹ fi sáyà."

Ó sì fi sáyà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.