Ọ̀gbẹ́ni Endacott Kọ Ẹ̀yìn sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìtàn tí ará ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Hubert Endacott ni ti ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú un pé ó ń fi dígí pe bàálù Jámánì. Oṣù Karùn-ún ọdún 1942 ni. Bọ́ǹbù Jámánì ti wó ṣọ́ọ̀ṣì Saint Urith, ó ku ògiri iwájú nìkan, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà olókùúta tí wọ́n fín áńgẹ́lì sí lára, tó ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀ta ọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ ti so okùn mọ́ ọn. Wọ́n ní tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn á fà á lulẹ̀ kó má baà wó lu èèyàn.

Ọ̀gbẹ́ni Endacott gbé àga lọ síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n kọ́ iwájú ara rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ wá wo àgbàlagbà!" Ìyá Luscombe tó ń ta búrẹ́dì ló pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Ìlú jóná, ojú ara ẹ̀ ló ń wò!"

"Ojú tèmi ti bàjẹ́ kí Jámánì tó dé. Ẹ yẹra níbẹ̀ jàre, orí yín ti bo ẹnu ọ̀nà."

Iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ tó ń ṣe ló fà á. Á fi ìda bo pẹlẹbẹ bàbà, á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí i, á rì í sínú ásíìdì tó ń jẹ bàbà kí ojú ìlà lè jinlẹ̀, á wá fi tàdáwà kùn ún, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ohun tó bá wà lápá òsì lórí bàbà, apá ọ̀tún ló ń bọ́ sí lórí bébà. Ìdí nìyẹn tó fi ń yàwòrán láti inú dígí, kó lè jáde bó ṣe rí. Nígbà kan tó gbàgbé dígí sílé, gbogbo nọ́ńbà aago ìlú ló jáde lódìlódì. Ó ní aago náà kì í sọ òótọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oòrùn kọ lu dígí, ìmọ́lẹ̀ ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run. Ni ọlọ́pàá Vosper, géńdé tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bá yọ.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń fi dígí ṣẹ́jú sí lókè yẹn?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń yà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí? Ẹ dìde, ó di àgọ́!"

Aago méjì ti lù nígbà tí wọ́n dé iwájú sájẹ́ńtì. Ẹ̀rù ba Endacott, nítorí ẹnu ọ̀nà náà ò ní sí mọ́ láàárín wákàtí méjì. Àmọ́ kàkà kó bẹ̀bẹ̀, ìdúnàádúrà ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní wákàtí méjì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tì mí mọ́lé."

"Ìdajì wákàtí."

"Áńgẹ́lì mẹ́jọ ló wà lápá ọ̀tún nìkan! Wákàtí kan àtààbọ̀, kí ọlọ́pàá yín yìí sì bá mi di dígí mú, ẹ á mọ̀ pé kò kọjú sókè."

Ẹ̀rín pa sájẹ́ńtì. Bí ẹni tí wọ́n mú wọlé ṣe kó ọlọ́pàá tó mú un sẹ́yìn jáde nìyẹn, tó sọ ọ́ di ìránṣẹ́. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Vosper di dígí mú títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Ẹ dẹ́kun mímí," Endacott jágbe mọ́ ọn, "àwọn áńgẹ́lì ń jó!"

Aago mẹ́rin lù. Àwọn òṣìṣẹ́ dé ìdí okùn.

"Ó ku áńgẹ́lì kan," ni Endacott wí. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Bàbá, àkókò ti tó," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

Ìyá Luscombe sọ apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí okùn náà. "Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo gbà jáde di ìyàwó. Ẹ jẹ́ kó yà á tán. Ẹni tí ò bá lè dúró, kó fa èmi náà mọ́ ọn." Àwọn òṣìṣẹ́ wo bó ṣe sanra tó, wọ́n lọ po tíì.

Nígbà tí Endacott yà á tán, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa okùn.

Lọ́sẹ̀ méjì sí i, àdúgbò kún ilé rẹ̀ láti wo bébà àkọ́kọ́ tó tẹ̀. Ìyá Luscombe na ìka sí àtẹ̀gùn inú àwòrán: "Ibí ni ọkọ mi ti tẹ aṣọ mi ya." Ẹlòmíràn rí òkúta tó ṣubú lé nígbà èwe.  Ńṣe ni Endacott tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kàn ń sún sẹ́yìn kí ẹlòmíràn lè ráyè wò.

Ó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, àárò ariwo rẹ̀ sì ń sọ wá púpọ̀. Bí ọmọdé bá bi wá bí Saint Urith ṣe rí, a kì í ṣàlàyé. A kàn máa ń gbé e sókè síwájú àwòrán náà ni.